Ẹni Tí Ń Parí Ìròyìn

Ẹ má tíì dá Akínyẹlé lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún yín. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ṣebí ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Inú iṣẹ́ tó fún un níyì gan-an ni ìtìjú rẹ̀ ti jáde.

Ní Adó-Èkìtì ni, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun Hítílà. Akínyẹlé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì, níbi tí lọ́rì ti máa ń dúró. Ó ń ta kẹrosíìnì, ìṣáná àti ṣúgà, ṣùgbọ́n ta ni í tìtorí kẹrosíìnì níyì? Òun ni aṣojú ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní Èkó. Lọ́jọ́ tí lọ́rì Jùbrílù bá ti Òṣogbo dé, tó bá ju ìdì ìwé náà sílẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Akínyẹlé á ti kún: àwọn àgbẹ̀ tó ti oko dé, àwọn obìnrin ahunṣọ, àwọn Mùsùlùmí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Akínyẹlé á gbé e sójú, á máa sọ ọ́ ní èdè Adó, geere bí ẹni ń pìtàn. Bó bá kan ibi tó dùn, gbogbo wọn á ní, "Háà!" Ẹ̀yin èèyàn mi, "Háà!" yẹn ni oúnjẹ ọkùnrin náà. Kò sí iyán tó dùn tó o lẹ́nu rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ìwé ìròyìn kì í tètè dé Adó. Á sùn ní Èkó, á sùn nínú rélùwéè, á sùn ní Òṣogbo, bí òjò bá sì ba ọ̀nà jẹ́, á tún sùn lẹ́bàá afárá. Kó tó délé, ìròyìn inú rẹ̀ á ti tutù. Nígbà tí Akínyẹlé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó kà á fún wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan pé Gómìnà ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Akínyẹlé, Ìṣẹ́gun tó kọjá lọ yẹn náà? Ọbẹ̀ àná lo gbé ka iwájú wa yìí o!" Ẹ̀rín yẹn ta á lára gan-an.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í parí ìròyìn. Bí ìwé bá ní Gómìnà ń bọ̀, Akínyẹlé á ní Gómìnà ti dé, pé ìyẹ́ funfun wà lórí àkẹtẹ̀ rẹ̀, pé wọ́n yìnbọn nígbà tó sọ̀kalẹ̀. Bí ìwé bá ní wọ́n ń retí òjò ní Kánò, òun á ní òjò ti rọ̀, àgbàdo ti hù. Bí ìwé mìíràn bá sì dé, á kàn bá a bẹ́ẹ̀: Gómìnà dé lóòótọ́, òjò rọ̀ lóòótọ́. Àwọn èèyàn wá ń sọ pé kò sí ìlú kankan ní Èkìtì tí ìròyìn ti ń yá tó ti Adó. Akínyẹlé fúnra rẹ̀ gbàgbé pé àbá lòun ń dá. Ìyàwó rẹ̀, Monínúọlá, nìkan ni ò fẹ́ràn àṣà náà. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Ó máa ń wí fún un pé, "Bàbá Ilé, ìwọ tí o ń rí ohun tí Ọlọ́run ò tíì ṣe, rọra o."

Ohun mìíràn tún wà tó ń pa ọkùnrin náà bí òùngbẹ. Ó máa ń kọ ìròyìn Adó ránṣẹ́ sí Èkó: ìjòyè tó papòdà, òrùlé tuntun tí wọ́n kàn sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n "láti ọwọ́ aṣojú wa" ni wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló fẹ́ rí níbẹ̀. Olóòtú sì ti ránṣẹ́ sí i pé, "Wá èyí tí ará Èkó yóò fi lanu, a ó sì kọ orúkọ rẹ."

Ó di Ọjọ́rú kan nígbà òjò. Lọ́rì Jùbrílù dé, ẹrẹ̀ bò ó títí dé ojú gíláàsì. Akínyẹlé tú ìdì ìwé, ó la ọ̀kan, ó sì ń ka ojú ewé àkọ́kọ́ sókè fún wọn: ọkọ̀ ogun tuntun kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, èyí tí ń rìn lábẹ́ omi, wọ́n gbé e lọ sójú òkun láti dán an wò, ó wọ ìsàlẹ̀ lọ, kò sì gbòkè mọ́.

Àgbẹ̀ kan dá a dúró. Ó ní, "Dákẹ́ ná. O ní iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni kó rì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ abẹ́ omi ni."

"Ó sì rì."

"Ó rì."

"Kí wá ni wọ́n ń ké sí? Iṣẹ́ rẹ̀ ló kúkú ṣe!"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya pẹ̀lú ẹ̀rín. Jùbrílù tó ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Àfi Akínyẹlé. Ojú rẹ̀ ti lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó sì ti rí orúkọ kan níbẹ̀. Àwọn ará Èkó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ bí ẹni ń yangàn: ọmọ ilẹ̀ wa kan wà nínú ọkọ̀ náà, Bámidélé, ọmọ Adó-Èkìtì, tó ń ran kúùkù lọ́wọ́.

Ta ni ò mọ Bámidélé? Ọmọ Mosúnmọ́lá ahunṣọ ni, ọmọ kan ṣoṣo tí opó náà bí. Ó bá lọ́rì lọ sí Èkó nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù, ó wọ inú kíṣìnì ọkọ̀ òkun, ó dé Lífápúùlù nílùú òyìnbó, ó sì bá ẹnì kan tí ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ṣiṣẹ́. Ẹni yẹn ni wọ́n gbéṣẹ́ fún pé kó bọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Kí ni ọmọ ahunṣọ wá lọ sí ìsàlẹ̀ òkun? Abọ́ ló gbé lọ.

Bó ti ka orúkọ náà sókè, wọ́n ti sáré lọ pe ìyá rẹ̀. Kó tó dé, Akínyẹlé ka ìyókù sínú ara rẹ̀. Ìwé náà ní ìdí ọkọ̀ náà ṣì yọ sókè omi. Ó ní àwọn ọkọ̀ mìíràn ti yí i ká, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń kan irin kò-kò-kò. Ó ní àwọn díẹ̀ ti rọ́nà jáde, kò dárúkọ wọn, ìrètí sì wà pé wọ́n á yọ àwọn tó kù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó parí síbẹ̀.

Mosúnmọ́lá dé, òwú ṣì so mọ́ ìka rẹ̀. Kò jókòó. Ó di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú.

"Akínyẹlé, wọ́n ní ọmọ mi wà nínú ìwé. Ọmọ mi dà?"

Ẹ wò ó, ó lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìrètí kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, ó ṣeé fún ìyá. Ṣùgbọ́n ó ro ọjọ́ tí ìwé náà ti lò lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ tí wọ́n ní kó tó ṣú yẹn, ṣebí ó ti ṣú tipẹ́, ó ti mọ́, ó sì tún ti ṣú. Òyìnbó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ tí ń rìn lábẹ́ omi, ṣé kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i? Ó wo ojú obìnrin náà, ó wo ojú gbogbo àwọn tó pé jọ, ó sì parí ìròyìn.

"Wọ́n ti yọ wọ́n, Yèyé. Gbogbo wọn pátá! Bámidélé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Wọ́n fi kúbùsù bò ó, wọ́n fún un ní tíì gbígbóná, ó mu ún, ó tún béèrè òmíràn!"

"Háà!"

Kò gbọ́ irú "Háà!" bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń kàwé. Àwọn obìnrin gbé Mosúnmọ́lá sókè. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní, "Tíì! Ọmọ mi ò fẹ́ràn tíì rí o! Òtútù ló mú un!" Akínyẹlé dúró láàárín wọn, orí rẹ̀ wú. Ẹnu ọ̀nà ni Monínúọlá wà pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Kò ṣe "Háà." Ó kàn ń wo ọkọ rẹ̀.

Ìlú gba ayọ̀ náà lọ́wọ́ ara wọn. Mosúnmọ́lá ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ lòun ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìjan pé kí wọ́n máa bọ̀. Kíjìpá kan wà lórí òfì rẹ̀ tó ti ń hun láti ìgbà tí Bámidélé ti lọ, èyí tó ní òun ó fi bò ó lọ́jọ́ tó bá gbé ìyàwó. Ó ní òun yóò yára parí rẹ̀, òun yóò sì fi ṣe ọrẹ ọpẹ́.

Akínyẹlé gbé kálàmù. Èyí ni ará Èkó yóò fi lanu! Ó mọ̀ pé kí ìwé òun tó dé ọ̀dọ̀ olóòtú, ọjọ́ Ìsinmi á ti kọjá, nítorí náà ó kọ ọ́ bí ohun tó ti ṣẹlẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì kún, ìyá jó, omijé ayọ̀ dà, gbogbo Adó kọrin ọpẹ́ fún ọmọ wọn tí ọkọ̀ abẹ́ omi kò lè pa. Ó fi lé Jùbrílù lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ti parí ìyẹn náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Jùbrílù dé, kò fun fèrè. Ẹni tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ òkè ni í ti í fun ún! Ó sọ̀kalẹ̀, ó mú ìdì ìwé wọ inú ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Ó ní, "Àkọ̀wé rélùwéè kan ló sọ ọ́ fún mi ní Òṣogbo. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ìwọ ti kà á pé wọ́n ti yọ wọ́n. Ìnnálìláhì, Akínyẹlé, wo ohun tó wà níbẹ̀."

Ìlà dúdú yí ojú ewé náà ká. Wọn ò lè ṣí ọkọ̀ náà. Òkun tún fà á wọlẹ̀. Àfi àwọn díẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde, kò tún sí ẹni tó yè. Orúkọ Bámidélé wà láàárín àwọn òkú.

Akínyẹlé jáde sí àwọn tó ń dúró, ó ní ìwé ò dé lónìí. Wọ́n kùn, wọ́n tú ká. Ó ká ìwé náà sábẹ́ bùbá rẹ̀, ó gba ilé Bámgbóyè lọ. Bámgbóyè yìí ni ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Mosúnmọ́lá, àgbà tí ń di ilé náà mú. Òun kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe nílé náà láìfi lọ̀ ọ́.

Bàbá arúgbó náà gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "Ṣebí ìwé ní wọ́n ti yọ ọ́?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin náà fi dáhùn. Ó ní, "Àwọn ará Èkó ló purọ́, Bàbá."

Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bámgbóyè mi kanlẹ̀. "Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù. Èyí kú, ó tún nù. A ò rí òkú, a ò rí sàréè." Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí Akínyẹlé. "A kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá nírọ̀lẹ́, ta ni yóò bá a gbé òru náà? Ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ wáyé. Lọ bá a nísinsìnyí. Sọ fún un pé ara Bámidélé ò yá. Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbà ni, ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, yóò mọ ohun tí a ń wí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò so ìdúpẹ́ náà rọ̀. Bí ọjọ́ Ìsinmi wọn bá kọjá, ní òwúrọ̀ Ajé, àwa àgbà á lọ jókòó tì í. Ìwọ lo gbé ayọ̀ lọ, ìwọ ni kó o lọ rọra gbà á padà."

Ẹ rí i bí àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe é? Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni wọ́n bẹ̀ ẹ́. "Ara rẹ̀ ò yá." Kò sí Yorùbá tó dàgbà tí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn.

Akínyẹlé bá ọgbà Mosúnmọ́lá tó ń hó yéè. Àwọn ará Ìjan ti dé, wọ́n ń gún iyán lódó méjì. Kíjìpá náà wà lórí okùn, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń kán omi. Nígbà tí Mosúnmọ́lá rí i, ó sáré wá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá tó lè bí i! Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Akínyẹlé, ẹnu tó o fi sọ ayọ̀ fún mi, kò ní sọ ìbànújẹ́ láéláé."

"Ẹ dìde, Yèyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Wọ́n mú un jókòó, wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀, ẹran ìgbẹ́ tó dára jù ni wọ́n bù sí i. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí òun lè fi ọwọ́ òun ṣe. Ó wá fọwọ́, ó gbójú sókè.

"Yèyé, ara Bámidélé…"

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ara Bámidélé ti ṣe jẹ́?"

Ó rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni pé, kí ni ìwé kọ́kọ́ wí gan-an? Gbogbo ará Ìjan ti ń wò ó. Ọmọrí odó dúró lókè.

"Ara rẹ̀ le," ni Akínyẹlé wí. "Ara rẹ̀ le koko."

Wọ́n hó, "Àṣẹ!" Odó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ó rìn lọ sílé, kò gba ọ̀nà ilé Bámgbóyè kọjá. Monínúọlá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó ní orí ló ń fọ́ òun.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, gẹ́gẹ́ bó ti kọ ọ́. Àlùfáà pe ìdúpẹ́, dùùrù bẹ̀rẹ̀, Mosúnmọ́lá sì jáde pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, kíjìpá náà lórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó jó. Obìnrin tí kì í jó, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ òfì ló ní, ó jó lọ, ó jó bọ̀. Akínyẹlé tẹjú mọ́ ilẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ń gbàdúrà pé kí ilẹ̀ la ẹnu. Ilẹ̀ ò la ẹnu fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Kàkà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan dì í mú. Mosúnmọ́lá ti jó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìjọ, ẹ wo ẹni tó mú ayọ̀ mi wá! Kò ní jókòó kí n máa jó!"

Ó fà á dìde. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹ sì gbọ́ mi o, ọmọkùnrin náà jó. Ó mọ̀ pé òkú lẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jó, ó sì gbé ẹsẹ̀, ó mi èjìká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí wọ́n yí padà, ó rí Bámgbóyè ní ẹnu ilẹ̀kùn. Orin ló gbọ́ nílé, òun tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá fi ọ̀pá tilẹ̀ wá wò ó. Ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ń jó. Ó wo Akínyẹlé. Ó yí padà, ó lọ.

Òwúrọ̀ Ajé ni àwọn àgbà lọ bá a. Èmi ò ní ròyìn igbe náà fún yín. Ẹni tó bá ti bímọ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá tíì bí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Akínyẹlé gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó di etí, ó tún gbọ́ ọ.

Ohun tó wá dùn ún jù lọ ni pé ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Ìlú bú ìwé ìròyìn, wọ́n bú Èkó, wọ́n bú òyìnbó tó kan ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí. Akínyẹlé ni wọ́n ń bá kẹ́dùn! "Wọ́n mà tan ọmọ wa jẹ o. Wọ́n fi í ṣe iránṣẹ́ irọ́." Bámgbóyè nìkan ni kì í dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́, nítorí iṣẹ́ tó kọ̀ láti jẹ́. Mosúnmọ́lá pàápàá ránṣẹ́ láti inú ọ̀fọ̀ rẹ̀ pé kó má jẹ́ kó dùn ún jù, pé ohun tó rí ló kà. Nígbà tí ẹni tó jíṣẹ́ náà lọ tán, Monínúọlá gbé oúnjẹ ka iwájú ọkọ rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ó ní, "Mo ń wò ọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó o ń sọ ọ̀rọ̀ tíì yẹn, ojú ìyá náà lò ń wò. Ojú rẹ ò sí lórí ìwé."

Akínyẹlé ti oúnjẹ náà sẹ́yìn. Ojú ń tì í débi pé kò lè wo ìyàwó ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, lọ́rì dé. Akínyẹlé ṣí ìwé náà, ó sì rí i. Wọ́n ti tẹ ohun tó kọ ránṣẹ́. Olóòtú ò tilẹ̀ fara balẹ̀ fi ìròyìn kan wé èkejì: ní apá kan, ìsìn òkú àwọn tó bá ọkọ̀ náà lọ, ní apá kejì, "Adó-Èkìtì Jó Ìjó Ọpẹ́." Orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, odidi, gàdàgbà. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ wá nìyẹn. Ó fẹ́ ká ìwé náà, kó tún sọ pé kò dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè, àwọn èèyàn ń yà sọ́tùn-ún sósì fún ẹnì kan. Mosúnmọ́lá ni. Aṣọ dúdú ló ró, irun rẹ̀ wà ní títú. Wọ́n fi àga fún un, ó jókòó síwájú Akínyẹlé.

Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, "Akínyẹlé, mi ò ní sàréè kankan tí mo lè lọ jókòó tì. Ìwé yìí nìkan ni mo ní. Ṣé àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Wọ́n wà, Yèyé."

"Kà wọ́n fún mi. Látorí èyí àkọ́kọ́. Má fò ó, má fi kún un. Bí ọmọ mi ṣe rìn ín ni kó o ṣe mú mi rìn ín."

Ó wọlé lọ mú un. Kò sí ẹlòmíràn lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn tó gbọ́ òyìnbó. Bó bá tún ka kúbùsù àti tíì, ta ni yóò já a? Ó wo ẹnu ọ̀nà. Monínúọlá dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Akínyẹlé tẹ orí ba, ó fi ìka sórí ìlà, ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó ka ìdí ọkọ̀ tó yọ sókè omi. Ó ka irin tí wọ́n ń kàn. Ó kà á pé àwọn díẹ̀ ti jáde, pé ìrètí wà pé wọ́n á yọ àwọn tó kù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Jùbrílù ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ìyókù ńkọ́?"

"Kò sí ìyókù."

"Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi gbé wá? Tíì yẹn dà?"

Mosúnmọ́lá ti ń wo ìka Akínyẹlé tó dúró sórí ìwé.

"Ìrètí ni wọ́n kọ?"

"Ìrètí ni wọ́n kọ, Yèyé."

"Lọ́jọ́ tí mo di òpó yẹn mú, tí mo bi ọ́ pé ọmọ mi dà, ìrètí ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé. Ẹ foríjì mí. Mo rò pé…"

"Ìwọ ò fún mi." Kò pariwo. "Ó lè jẹ́ pé ó ti kú nígbà yẹn, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ni mí. Ọjọ́ tó yẹ kí n fi dojú bolẹ̀, kí n máa bẹ Ọlọ́run, aṣọ ni mo fi ń fọ̀. Iyán ni mo fi ń gún. Mi ò bá ọmọ mi kan irin náà rárá."

Akínyẹlé ti wà lórí ìkúnlẹ̀, kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Gbogbo ojú tí í máa ń mú orí rẹ̀ wú wà lára rẹ̀, ó sì ń wá ibi tí yóò fi ojú tirẹ̀ sí.

Mosúnmọ́lá na ọwọ́ sí ìwé tuntun tó wà lórí àga. "Èyí ti òní ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí n ka ìyẹn."

"Kà á."

Ó kà á. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ìyá jó. Omijé ayọ̀ dà. Gbogbo Adó kọrin ọpẹ́ fún ọmọ wọn tí ọkọ̀ abẹ́ omi kò lè pa. Ó kà á dópin lórí eékún rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń já, ó ń so.

Obìnrin náà jẹ́ kó parí. Ó wá ní, "Orúkọ ta ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀?"

"Yèyé…"

"Mo ní kó o kà á bó ṣe wà."

Akínyẹlé fi ìka sábẹ́ lẹ́tà gàdàgbà náà, ó sì ka orúkọ ara rẹ̀ sókè, kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbọ́. Kò sí ẹni tó ní "Háà."